Ọjọ́ ọdún kọ́ ni ọjọ́ omi

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣàkẹ́tẹ́, ní Pobẹ̀, ní Ìfọ̀nyìn, ní Kétu, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní òdì kejì ààlà, ní Ìdí-Ìrókò, ní Ìlaròó, ní Ìpókíá, ní Àgbádárìgì, ẹ gbọ́. Èmi olùkọ́ yín ni, mo sì mú ọ̀rọ̀ kan wá. Ọ̀rọ̀ omi ni, àmọ́ kì í ṣe omi tí à ń mu.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ládùúgbò wa ń gbèrò ìrìn-àjò. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, èkejì ń bọ̀ wálé láti ilẹ̀ Faransé fún ọdún, àwọn méjì tó kù jẹ́ olùkọ́ bíi tèmi. Wọ́n fẹ́ lọ kọ́ bí a ṣe ń mòòkùn pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní plongée. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn àgbà, ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín. Bàbá kan ní, "Ọmọ Ṣàkẹ́tẹ́ tí kò sí òkun nílé bàbá rẹ̀, kí ló fẹ́ lọ wá nísàlẹ̀ òkun? Ṣé ó sọ nǹkan nù síbẹ̀ ni?"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó dára ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ibi tí ẹnu wa kò ti kò ni ọjọ́ tí wọ́n mú. Àárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun ni wọ́n fẹ́ lọ, kí wọ́n jó lóru, kí wọ́n mòòkùn láàárọ̀, kí wọ́n fi òkun parí ọdún. Mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí kì í ṣe tiwọn nìkan. Ìdílé púpọ̀ ló wà níbí tí kì í rántí òkun láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Kọkànlá. Àfi bó bá di ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá tàbí ọjọ́ kìíní ọdún, wọn á kó ọmọ sínú takisí, ó di Kútọnu. Ọmọ tí kò rí òkun rí láyé rẹ̀, ọjọ́ tó léwu jù lọ nínú ọdún ni wọ́n ń mú un lọ pàdé rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yí padà nìyẹn.

Mímòòkùn kì í ṣe nǹkan àjèjì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá àwọn ọ̀dọ́ wa láre. Àwọn baba wa ti ní ọ̀rọ̀ fún un kí òyìnbó tó dé. Mòòkùn ni wọ́n ń pè é. Lórí ọ̀sà Èkó, àwọn ọkùnrin wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ oúnjẹ wọn ni kí wọ́n mòòkùn pẹ̀lú korobá, kí wọ́n bu yanrìn nísàlẹ̀ omi, kí wọ́n dà á sínú ọkọ̀. Yanrìn náà ni àwọn ará Èkó fi ń kọ́lé. Àwọn yẹn kò ní àgbá kankan lẹ́yìn. Èémí tí wọ́n fà sínú kí wọ́n tó wọlé ni wọ́n gbára lé.

Ohun tí ayé òde òní fi kún un ni afẹ́fẹ́ tí a gbé pọ̀n. Ní ọdún 1943, Jacques-Yves Cousteau, tó jẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Faransé, àti Émile Gagnan, onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe ohun èlò kan tó ń fún òmòòkùn ní afẹ́fẹ́ nígbà tó bá fẹ́ mí, ní ìwọ̀n tó bá ibi tó wà nínú omi mu. Àwa tí a kàwé lédè Faransé mọ orúkọ Cousteau dáadáa. Fíìmù rẹ̀, Le Monde du silence, gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Cannes ní ọdún 1956.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣì ń rò pé eré òyìnbó lásán ni, kó rántí ọkọ̀ Clotilda. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ yìí kó nǹkan bí ènìyàn 110 ní Wídà, níbí lórílẹ̀-èdè wa, lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú láti ọdún 1808. Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis lọ́hùn-ún, wà nínú wọn. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè. Nígbà tí wọ́n já wọn sílẹ̀ tán, àwọn tó ni ọkọ̀ dáná sun ún kí ẹ̀rí má bàa sí. Ó wà nísàlẹ̀ odò Mobile títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2019 tí wọ́n kéde pé àwọn ti rí i. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó ń mòòkùn, tí ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ Diving With a Purpose, wà lára àwọn tó kópa nínú wíwá a. Ìtàn tiwa náà wà nísàlẹ̀ omi. Kò burú bí ọmọ wa bá kọ́ bí a ṣe ń lọ wò ó.

Ìdí tí omi kò fi bá àríyá rẹ́

Yorùbá ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Òwe náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju bí a ṣe rò lọ, nítorí mímòòkùn jẹ́ iṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe máa ṣe é níwájú pátákó.

Lórí ilẹ̀ níbí, afẹ́fẹ́ tó wà lókè wa ń tẹ̀ wá mọ́lẹ̀, àmọ́ ara wa ti mọ́ ọn, a kì í mọ̀ ọ́n lára. Nínú omi, gbogbo mítà 10 tí ènìyàn bá sọ̀ kalẹ̀ ló ń fi irú ẹrù kan náà kún un. Ní mítà 10, ìlọ́po méjì ni. Ní mítà 20, ìlọ́po mẹ́ta. Ní mítà 30, ìlọ́po mẹ́rin. Bí o bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú bàlúùnù kan ní mítà 10, tí o so ó, tí o sì mú un bọ̀ wá sókè, á wú di ìlọ́po méjì kó tó dé ojú omi. Ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé ẹni tó ń mí afẹ́fẹ́ inú àgbá kò gbọdọ̀ sé èémí nígbà tó bá ń gòkè. Bó bá sé e, ẹ̀dọ̀fóró lè ya.

Òfin kejì ni pé kó má sáré gòkè. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní nitrogen nínú, òun ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nísàlẹ̀ omi, nitrogen yìí máa ń rọra wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara. Bí ènìyàn bá rọra gòkè, á bá èémí jáde. Bó bá sáré gòkè, á hó nínú ara bí ìgbà tí a bá já ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Híhó yẹn lè sọ ènìyàn di arọ, ó sì lè pa á.

Ìtàn Ọ̀gbẹ́ni Harrison Okene kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Alásè ni nínú ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Jascon-4. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ náà dojú dé ní etíkun Nàìjíríà, ó sì rì sí nǹkan bí mítà 30. Nínú ènìyàn 12 tó wà nínú rẹ̀, òun nìkan ló yè. Ó lo nǹkan bí ọgọ́ta wákàtí nínú òkùnkùn, níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há sí nínú ọkọ̀, kí àwọn òmòòkùn tó wá gbé òkú tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Inú wọn dùn, síbẹ̀ wọn kò sáré fà á jáde. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní ohun èlò, wọ́n rọra gbé e gòkè, wọ́n sì fi í sínú yàrá irin tó ń dín ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì kó tó fojú kan oòrùn. Sùúrù ló gbà á là. Ọkùnrin yìí kan náà padà kọ́ iṣẹ́ mímòòkùn lẹ́yìn náà.

Ní báyìí, ẹ wá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ àríyá ìparí ọdún. Ẹni tó jó di aago mẹ́rin òru, tó mu bíà àti sódábì, ara rẹ̀ ti gbẹ, orí rẹ̀ kò pé, oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ó sọ fún pé kó máa wo iye afẹ́fẹ́ tó kù nínú àgbá, kó máa wo ìjìnlẹ̀, kó máa wo ẹnì kejì rẹ̀, kó sì rántí pé kò gbọdọ̀ sé èémí bí ẹ̀rù bá bà á. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́tí àná kì í ṣe òmòòkùn òní. Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ní kí o padà sílé bó bá gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu rẹ.

Ọ̀rọ̀ èrò náà tún wà níbẹ̀. Olùkọ́ kan tó yẹ kó mójú tó ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta, bí ogún bá tò síwájú rẹ̀ nítorí ọdún, á kánjú. Àlàyé tó yẹ kó ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, á ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín lójú èrò, á gbé ẹ̀rù náà wọ inú omi. Àwa olùkọ́ mọ ohun tí kíláàsì tó kún àkúnya ń ṣe fún ọmọ tó ń bẹ̀rù láti béèrè ìbéèrè. Nínú kíláàsì, ọmọ náà á gba òdo. Nínú omi, ọ̀rọ̀ náà ju òdo lọ.

Òkun tiwa

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé a lè kọ́ mímòòkùn ní etíkun Kútọnu. Etíkun orílẹ̀-èdè wa gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, ó sì tọ́ gbọọrọ láti ìkángun dé ìkángun. Kò sí àpáta ńlá tàbí erékùṣù kan níwájú rẹ̀ tí yóò gba ìgbì mú. Ọ̀nà jíjìn ni ìgbì náà ti ń bọ̀, láti gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, gbogbo agbára rẹ̀ ló sì ń tú dà sí wa lẹ́sẹ̀. Omi tó bá gun yanrìn wá gbọ́dọ̀ padà. Ó máa ń wá ojú kan gbà, ibẹ̀ á sì máa fà bí okùn. Ẹni tó bá dúró sí ojú ibẹ̀ kò ní mọ̀ títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ní kan ilẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni agbára wọn tán nítorí pé wọ́n ń bá omi náà jà, wọ́n fẹ́ wẹ̀ padà tààrà sí etí yanrìn. Ohun tó yẹ ni kí ènìyàn léfòó, kó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi kúrò lójú ọ̀nà omi náà, kó tó kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwẹ̀ kó gbọ́wọ́ sókè, kó má sì lo agbára rẹ̀ dànù.

Irú òkun báyìí, ọjọ́ tí ènìyàn mẹ́wàá péré wà níbẹ̀ gan-an, ojú la fi ń ṣọ́ ọ. Kí wá ni ká sọ nípa ọjọ́ kìíní ọdún? Ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ á dí, zẹ́mì á máa já láàárín ọkọ̀, wọn á dé etíkun pẹ̀lú àárẹ̀ àti ìkánjú. Ẹ̀rọ orin á máa dún ní apá mẹ́rin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn á tò sí etí omi. Nínú irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀ pé ọmọ kan kò sí níbi tó wà ní ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn? A máa ń rò pé ẹni tó ń rì á pariwo. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu tó wà lábẹ́ omi kò lè ké. Ọmọdé lè rì níwájú ogún àgbàlagbà tó ń ya fọ́tò, láìsí ariwo kankan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 300,000 ni omi pa lágbàáyé ní ọdún 2021. Nǹkan bí ìdámẹ́rin wọn ni kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára ibi tí ó ti burú jù. Ọ̀ràn yìí wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè fi ya ọjọ́ 25 oṣù Keje sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti ọdún 2021, kí gbogbo ayé lè máa ronú lórí bí a ó ṣe dènà rírì sómi. Mo máa ń bi ara mi pé kí ló dé tí a fi ń kọ́ ọmọ ní orúkọ gbogbo odò Faransé, Seine, Loire, Rhône, tí a kò sì kọ́ ọ bí a ṣe ń léfòó nínú omi tó wà nílé.

Ohun tí èrò púpọ̀ lè ṣe

Ẹ jẹ́ ká rántí Joola. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni ọkọ̀ ojú omi yìí dojú dé nígbà tó ń ti Ziguinchor bọ̀ wá sí Dakar ní Senegal. Iye ènìyàn tí wọ́n kọ́ ọ láti gbé kò tó 600. Àwọn tó kú lé ní 1,800. Ènìyàn 64 péré ló yè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn, nítorí ìgbà ìwọlé ilé ìwé ti dé, wọ́n sì ń padà lọ sẹ́nu ẹ̀kọ́ wọn. Mi ò lè ka ìtàn yẹn láìronú àwọn ọmọ tó jókòó níwájú mi. Kì í ṣe ọjọ́ àríyá o. Ṣùgbọ́n ara ohun tó fà á ló ń fà wá lọ́jọ́ ọdún: gbogbo ayé fẹ́ lọ lọ́jọ́ kan náà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ pé ọkọ̀ ti kún.

Àwọn òmòòkùn ẹgbẹ́ Océanium ti Dakar, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1984, pẹ̀lú Haïdar El Ali tó ń ṣe olórí wọn nígbà náà, wà lára àwọn tó wọ inú omi lọ síbi ọkọ̀ náà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń bi àwọn ọ̀dọ́ yìí pé kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe nísàlẹ̀ òkun, ẹ gbọ́ ìyẹn. Ọjọ́ burúkú bá dé, ẹni tó mọ mímòòkùn ni gbogbo ìlú máa ń wá kiri.

"Ọjọ́ ọdún nìkan la ráyè"

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní àwọn ará ilé tó wà ní Faransé, ní Amẹ́ríkà, ní Gabon, ìgbà ọdún nìkan ni wọ́n ń wálé. Ẹ ó ní ìgbà náà ni owó díẹ̀ ń wọlé. Ẹ ó ní ọmọ tó bá gbọ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí etíkun, á sunkún. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Èmi kò ní ká má lọ nínú oṣù Kejìlá. Ká sọ òótọ́, ìgbà ọyẹ́ sàn fún etíkun wa ju ìgbà òjò lọ, nítorí láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án ni ìgbì máa ń ga jù. Oṣù náà kọ́ ni mo ń bá jà. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ ni. Ìsinmi Kérésì tí ilé ìwé ń fún wa ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ọjọ́ 27, ọjọ́ 28 àti ọjọ́ 29 wà níbẹ̀, èrò kò pọ̀, ọ̀nà ṣí, ọkọ̀ kò wọ́n. Bí ẹ bá gbéra ní Ṣàkẹ́tẹ́ ní ìdájí, ẹ ti gba Àjàṣẹ́ kọjá kí oòrùn tó mú. Ọmọ tó lọ sí etíkun lọ́jọ́ 28 rí òkun kan náà tí ẹni tó lọ lọ́jọ́ kìíní rí. Ó tiẹ̀ rí i ju ẹni yẹn lọ, nítorí ẹ̀yìn èrò ni ẹni yẹn wò.

Ọjọ́ 10 oṣù Kìíní náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2024 tí wọ́n ti ń ṣe Vodun Days ní Wídà, àlejò ń ya wọ ibẹ̀ láti gbogbo ayé. Ọdún ìbílẹ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ kó lọ wòran, kó lọ gbọ́ ìlù. Ẹni tó lọ wòran kó wòran, kó sì fi òkun sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Ní ti owó, ẹni tó yẹra fún ọjọ́ ọdún ló ń ṣọ́ owó ná. Gbogbo wa la mọ ohun tí takisí àti ẹja díndín ń di lọ́jọ́ kìíní ọdún.

Bí mo bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa

Ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ fẹ́ mòòkùn, ẹ gbọ́ bí mo ṣe máa tò ó.

Ẹ kọ́ ìwẹ̀ ná. Ẹni tí kò lè léfòó nínú písíìnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́. Písíìnì wà ní àwọn ilé ìtura ní Kútọnu, àárín ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí ó dákẹ́. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kò pọ̀ jù fún un.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ rí dókítà, kó yẹ etí, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró yín wò. Ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹ má fi pamọ́. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, tí àwọn Faransé ń pè ní drépanocytose, kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ mímòòkùn ṣeré rárá láìgbọ́ tẹnu dókítà, nítorí àìsàn yìí pọ̀ láàárín wa, kì í sì í bá àìtó afẹ́fẹ́ rẹ́.

Ẹ wá yan ibi tí omi ti dára. Ní ẹkùn tiwa, Dakar ṣeé lọ. Àwọn tó ń kọ́ni wà ní Ngor àti ní etí Gorée, èdè Faransé tí ẹ gbọ́ ni wọ́n ń sọ, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kò sì nílò físà láti wọ Senegal, nítorí àdéhùn CEDEAO. Ẹ wá gbọ́ èyí: láti oṣù Kìíní títí dé oṣù Karùn-ún, omi tútù máa ń gòkè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etí Dakar, kì í sì í mọ́ dáadáa. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni ti oṣù Kẹwàá. Nítorí náà, òkun fúnra rẹ̀ ń sọ fún yín pé kì í ṣe ìgbà àríyá ni kí ẹ wá. Ẹ fi owó ìparí ọdún pamọ́, ẹ fi ṣe ìrìn-àjò ṣáájú ìwọlé ilé ìwé ọdún tó ń bọ̀, tàbí kí ẹ gba ààyè níbi iṣẹ́ nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kò kún.

Ẹ ka ọjọ́ yín dáadáa. Ẹni tó mòòkùn lónìí kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú kíákíá, nítorí afẹ́fẹ́ òkè fúyẹ́, nitrogen tó kù nínú ara lè hó. Bí ẹ bá mòòkùn lẹ́ẹ̀melòó kan, ẹ jẹ́ kí ó tó wákàtí 18, ó kéré tán, kí ẹ tó fò. Èmi ní tèmi á fi odindi ọjọ́ kan sílẹ̀. Ẹ rí i pé ẹni tó fẹ́ mòòkùn lọ́jọ́ 30, kó sì jó ní Ṣàkẹ́tẹ́ lóru ọjọ́ 31, ìṣirò rẹ̀ kò jáde.

Ẹ má fi ọtí kún un, ṣáájú àti láàárín ìrìn-àjò náà. Ẹ má dá nìkan wọ omi. Ẹkọ́ àkọ́kọ́ kì í kọjá mítà 18 sí 20, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín kọjá ibẹ̀ nítorí àti ṣe fọ́rífọ́rí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ wá fún

Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́rin yẹn lè yanjú lọ́sẹ̀ yìí, bí wọ́n bá sún ọjọ́ wọn síwájú. Èyí tó kù jẹ́ ti gbogbo wa, nítorí ọmọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni, owó Dakar kò sì sí lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ Ọ̀hòrí níbi tí omi ti ń kún lójú òjò, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ sí ọjà, àwọn tí a ó kó lọ sí etíkun lóṣù tó ń bọ̀, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lórí wọn.

Ẹ má mú ọmọ lọ sí òkun lọ́jọ́ 25 àti lọ́jọ́ kìíní. Ẹ lọ lọ́jọ́ tó dákẹ́. Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú omi níbikíbi, yálà sí Ganvié, sí etí ọ̀sà Àjàṣẹ́, tàbí ní Èkó, ẹ ka orí, ẹ béèrè ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ọkọ̀ bá sì kún, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí àgbàlagbà kan, tí kò mu ọtí, tí kò di fóònù mú, gba iṣẹ́ kan ṣoṣo: kó máa wo ọmọ. Bí agogo kan bá lù, kí ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi àti àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kan ti fẹnu kò sí ọjọ́ 28. Àwọn ọmọ tí òbí wọn bá fọwọ́ sí i, a ó jọ lọ ní ìdájí, a ó sì padà kí oòrùn tó wọ̀. Orúkọ á wà ní ìwé, a ó kà wọ́n ní àlọ, a ó kà wọ́n ní àbọ̀. Òbí tó bá fẹ́ bá wa lọ ṣọ́ omi, ọwọ́ wa kò tó, ẹ wá rí mi nílé ìwé kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀.